Olóko Tí Kò Ṣeé Yọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Jerry Jones àti Yíyàn Agbábọ́ọ̀lù ní Dallas

Abẹ tó mú kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ti ń bá òwe náà jà láti ọdún 1989. Jerry Jones ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dallas Cowboys. Òun kan náà ni ó sì fi ara rẹ̀ jẹ alábòójútó àgbà ẹgbẹ́ náà, tí àṣẹ ìkẹyìn lórí ọ̀dọ́ tí a ó yàn àti ọ̀dọ́ tí a ó fi sílẹ̀ fi wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju méjì lọ. Èkíní: ǹjẹ́ Dallas mọ irúgbìn yàn lábẹ́ ọkùnrin yìí? Èkejì: bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n yàn, kí ló dé tí abà fi ṣófo láti ìgbà tí sáà 1995 ti parí?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé kí ló kàn wá nínú eré òkèèrè. Èsì wa kò gùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ti tẹ̀dó sí Dallas àti Houston, tí àwọn ọmọ wọn ń wo eré yìí bí a ti ń wo ìjàkadì nílé. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Nàìjíríà wá sì ti wà lára àwọn tí Dallas yàn: Chidobe Awuzie ní 2017, Osa Odighizuwa ní 2021, Donovan Ezeiruaku ní 2025. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn, ọ̀rọ̀ náà ì bá kàn wá síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àṣẹ ni: ta ni ń yan ènìyàn sí ipò, ta ni ń bi í léèrè, ta ni ó sì lè yọ ọ́ bí ó bá ṣe é ní àṣìṣe?

BÍ ÈTÒ NÁÀ TI RÍ

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, abẹ́ apá ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ènìyàn mọ́kànlá a sì máa dojú kọ mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú líìgì tí à ń pè ní NFL. Láti ọdún 1936 ni líìgì náà ti ń ṣe ètò kan lọ́dọọdún, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń yan ọ̀dọ́ tí ó ń jáde bọ̀ láti yunifásítì, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní títò. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe burúkú jùlọ ní sáà tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yàn. Ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ni yóò yàn kẹ́yìn. Ìpele méje ni yíyàn náà ní láti 1994. Ète rẹ̀ ni pé kí tálákà lè gòkè, kí olówó má sì máa jọba lọ títí.

Òfin wà pẹ̀lú tí ó fi ààlà sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí owó ọ̀yà. Nítorí náà ọ̀dọ́ tí a bá yàn dáadáa dà bí ilẹ̀ ọlọ́ràá tí a kò tíì san ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀: fún bí ọdún mẹ́rin, owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè owó tí ó tọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n a máa kórè láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ẹ̀tọ́ yíyàn fúnra rẹ̀ sì ṣeé tà, ó ṣeé rà, ó ṣeé fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá ti fi oko kòkó dógò rí yóò mọ ewu tí ó wà níbẹ̀: owó òní dùn ún gbà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò ká kòkó ọdún tí ń bọ̀.

ÌGBÀ Ọ̀PỌ̀

Kí a má baà sọ pé ńṣe ni a wá bú ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iyì wà. Ní oṣù Kejì ọdún 1989 ni Jones, ẹni tí ó ti rí owó nídìí epo rọ̀bì àti gáàsì, ra Dallas Cowboys ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 dọ́là. Lójú ẹsẹ̀ ni ó yọ Tom Landry, kóòṣì tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1960. Ó fi Jimmy Johnson rọ́pò rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Arkansas. Sáà àkọ́kọ́ korò bí ewúro: nínú eré 16, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n borí.

Ṣùgbọ́n Johnson mọ irúgbìn. Ní 1989 wọ́n fi ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ pátápátá mú Troy Aikman, ajùbọ́ọ̀lù, èyíinì ni ẹni tí gbogbo ìkọlù ẹgbẹ́ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà wọ́n fi Herschel Walker, ìràwọ̀ tí wọ́n ní, ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Minnesota Vikings. Wọ́n gba agbábọ́ọ̀lù márùn-ún àti ọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yíyàn dípò rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà tí wọ́n fi rí Emmitt Smith mú ní ipò 17 ní 1990, ọkùnrin tí ó gbé bọ́ọ̀lù sáré ju gbogbo ènìyàn lọ nínú ìtàn líìgì náà, yáàdì 18,355. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi rí Darren Woodson ní 1992. Àwọn ìyókù wá tẹ̀lé wọn, ọkùnrin lórí ọkùnrin, bí igbà iṣu tí ó ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Èrè rẹ̀ kò pẹ́. Ní oṣù Kìíní 1993 wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Super Bowl, 52 sí 17 lórí Buffalo. Ní oṣù Kìíní 1994 wọ́n tún gbà á, 30 sí 13 lórí Buffalo kan náà. Ṣùgbọ́n àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Ní oṣù Kẹta 1994, Jones àti Johnson tú ká. Ẹni tí ó gbin oko lọ. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ kù. Barry Switzer gba ipò kóòṣì, ó sì fi àwọn ọmọ tí Johnson kó jọ gba ife kẹta ní oṣù Kìíní 1996, 27 sí 17 lórí Pittsburgh.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ìgbà tí yíyàn Dallas dára jùlọ ni ìgbà tí ènìyàn méjì ń jiyàn lórí rẹ̀: ọ̀kan mọ eré, èkejì mọ owó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀.

ÌGBÀ ÌYÀN

Lẹ́yìn tí Johnson lọ, ọgbọ́n ẹnìkan ni ó kù. Kí ni a rí?

Ní 1998, Randy Moss, ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹfúùfù, wà nílẹ̀ nígbà tí ó kan Dallas láti yàn ní ipò 8. Wọ́n fò ó, wọ́n sì mú Greg Ellis. Ellis kì í ṣe ọ̀lẹ; ó sin ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n Minnesota mú Moss ní ipò 21, ó sì wá sí Dallas ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ ọdún náà gan-an. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ni ó gbà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó di àmì-ayò, yáàdì 163 ni ó sì fi wọ́n sáré. Ní 2018 wọ́n gbà á sí ilé iyì àwọn akọni eré náà.

Ní 2000 ni èyí tí ó burú jù ú lọ ṣẹlẹ̀. Jones fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní ti 2000 àti ti 2001, méjèèjì papọ̀, ra ẹnìkan ṣoṣo lọ́wọ́ Seattle, èyíinì ni Joey Galloway. Eré àkọ́kọ́ ni Galloway ti fi orúnkún ṣèṣe, sáà rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Seattle fi ẹ̀tọ́ Dallas mú Shaun Alexander, ẹni tí wọ́n dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ní gbogbo líìgì ní sáà 2005. Ìyẹn ni pé Dallas fi oko ọdún méjì dógò, ẹlòmíràn sì kó ìkórè lọ lójú wọn. Ní 2000, ní 2001 àti ní 2002, èsì kan náà ni wọ́n ń mú wálé: eré márùn-ún ni wọ́n borí, mọ́kànlá ni wọ́n pàdánù.

Ènìyàn a máa ṣìnà. Ẹni tí kò bá ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n ni ó yẹ kí a bá wí. Ní oṣù Kẹwàá 2008, Jones tún fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní ti 2009, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ìpele kẹta àti ìkẹfà, gba Roy Williams lọ́wọ́ Detroit. Ní 2011 wọ́n dá Williams sílẹ̀. Ní 2009 tí wọ́n kò ní ẹ̀tọ́ ìpele kìíní yìí, ọ̀dọ́ méjìlá ni wọ́n yàn, kò sì sí ọ̀kan nínú méjìlá tí ó di òpó ẹgbẹ́. Àgbẹ̀ wo ni yóò gbin ebè méjìlá, tí kò ní rí iṣu kan wà jáde, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò ní bi í pé irú èso wo ni ó rà?

A tún lè ka ti 2012, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìpele kejì kún ti ìpele kìíní kí wọ́n lè gòkè lọ mú Morris Claiborne ní ipò 6, tí ìpalára kò sì jẹ́ kí ó dé ibi tí a retí láàárín sáà márùn-ún tí ó lò. A lè ka ti 2017, nígbà tí wọ́n mú Taco Charlton ní ipò 28, tí Pittsburgh sì mú T. J. Watt ní ipò 30. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019 ni Dallas lé Charlton lọ. Watt di ọ̀kan nínú àwọn akọlu tí ajùbọ́ọ̀lù ń bẹ̀rù jùlọ nínú líìgì.

ẸNI TÍ Ó TỌ́ SÍ LÁTI YÌN

Síbẹ̀, òtítọ́ kì í fi ibì kan pa mọ́. Bí a bá wo ọdún mẹ́wàá tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 2011, a ó rí i pé Dallas wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó mọ ọ̀dọ́ yàn dáadáa. Tyron Smith ní 2011, Travis Frederick ní 2013, Zack Martin ní 2014: àwọn mẹ́ta yìí ni ó di odi tí ó dáàbò bo ajùbọ́ọ̀lù, kò sì sí odi tí ó lókìkí jù ú lọ nígbà náà. Ezekiel Elliott àti Dak Prescott dé ní 2016, CeeDee Lamb àti Trevon Diggs ní 2020, Micah Parsons ní 2021. Ní 2022 wọ́n rí DaRon Bland ní ìpele karùn-ún, ní ipò 167. Ní 2023 ọmọ náà já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì gbé e dé ilé lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú sáà kan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú líìgì náà.

Ta ni ó yẹ kí a yìn fún èyí? Láti nǹkan bí 2013 ni Will McClay ti gba ìgbéga láàárín àwọn awòye, àwọn tí ń rìn káàkiri yunifásítì, tí wọ́n ń wo ọ̀dọ́ lójú eré, tí wọ́n ń bi àwọn olùkọ́ wọn léèrè ìwà, tí wọ́n sì ń tò wọ́n sórí pátákó ní ipò tí ó tọ́ sí wọn. Nígbàkigbà tí a bá tẹ̀lé pátákó náà, ìkórè dára. Ẹ sì wo bí yíyàn méjì tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ yin Jones ti ṣẹlẹ̀.

Ní 2014, ẹni tí ọkàn Jones fẹ́ ni Johnny Manziel, ajùbọ́ọ̀lù olókìkí láti Texas níbẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń ta ìwé-ìròyìn. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ èyí ní gbangba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tí ó yí i ká, àti ọmọ rẹ̀ Stephen pẹ̀lú, ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà kí wọ́n mú Zack Martin ní ipò 16. Sáà méjì péré ni Manziel lò nínú líìgì. Martin lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó fẹ̀yìntì ní 2025, ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n sì pè é sí eré àwọn àṣàyàn.

Ní 2016, Dallas fẹ́ gòkè lọ mú Paxton Lynch. Denver fi owó lé tiwọn, wọ́n sì mú un lọ. Jones sì kábàámọ̀ níwájú àwọn oníròyìn pé òun kò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di ìpele kẹrin, ẹlòmíràn tí wọ́n ń dúró dè tún bọ́ lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá mú Dak Prescott ní ipò 135. Eré mẹ́rin péré ni Lynch bẹ̀rẹ̀ fún Denver. Prescott borí eré 13 nínú 16 tí Dallas gbá ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí a ń wí: èyí tí ó dára jùlọ nínú yíyàn ọkùnrin yìí ni èyí tí wọ́n kò jẹ́ kí ó yàn bí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́!

KÍ LÓ DÉ TÍ ABÀ FI ṢÓFO?

Láti sáà 1996 títí dé sáà 2024, sáà 29, eré ìyọkúrò márùn-ún péré ni Dallas borí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dé eré tí ó ṣáájú Super Bowl lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2021, 2022 àti 2023, sáà mẹ́ta tẹ̀ léra, eré 12 ni wọ́n borí nínú 17. Nínú gbogbo ìyẹn, eré ìyọkúrò kan ni wọ́n rí borí. Ní oṣù Kìíní 2024, Green Bay wá bá wọn nílé, ó sì nà wọ́n ní 48 sí 32.

Bí irúgbìn bá dára tí oko kò sì mú èso wá, ọ̀nà tí a gbà tọ́jú oko ni kí a wò. Láti 2016 dé 2019, àdéhùn àkọ́kọ́ tí Prescott tọwọ́ bọ̀ fún ọdún mẹ́rin kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Èyí ni àkókò tí ó yẹ kí wọ́n ti fi owó tí ó ṣẹ́ kù kó àwọn akọni mìíràn jọ yí i ká. Eré ìyọkúrò kan ni wọ́n borí láàárín ọdún mẹ́rin náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀yà falẹ̀, tí iye rẹ̀ sì ń gòkè, títí ó fi di pé ní oṣù Kẹsàn-án 2024 wọ́n fi mílíọ̀nù 240 dọ́là fún ọdún mẹ́rin tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò ra iṣu nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, ìgbà ọ̀wọ́n ni yóò rà á.

Ọ̀rọ̀ Micah Parsons sì dun ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n yàn: wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ipò 10 sí 12, wọ́n gba ẹ̀tọ́ ìpele kẹta lé e, wọ́n sì tún rí ọ̀kan nínú àwọn akọlu tí ó dára jùlọ ní ayé. Ìdájú ọwọ́ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti san owó tí ó yẹ ẹ́, Jones pe ọmọ náà jókòó fúnra rẹ̀ láìsí aṣojú rẹ̀ níbẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn níwájú ayé pé àwọn ti parí ọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn náà fa títí, ìbínú sì wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2025 wọ́n fi Parsons fún Green Bay, wọ́n gba Kenny Clark àti ẹ̀tọ́ ìpele kìíní méjì. Green Bay san mílíọ̀nù 188 dọ́là fún ọdún mẹ́rin láìjanpata. Ọkùnrin tí ó bá ọmọ náà dúnàádúrà ni ẹni tí ó ni ẹgbẹ́; ta wá ni yóò bá a wí pé dúnàádúrà náà kò dára?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní ti 2027 àti ìpele kejì ti 2026 kún Mazi Smith, ẹni tí wọ́n yàn ní ipò 26 ní 2023, kí wọ́n lè gba Quinnen Williams lọ́wọ́ New York Jets. Williams jẹ́ akọni, a kò sì ní fi ẹnu ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí Galloway ní 2000 àti Roy Williams ní 2008 yóò mọ̀ pé a ti rí àfidógò bí irú èyí rí.

WỌ́N NÍ, A NÍ

Àwọn alátìlẹ́yìn Jones ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbé wá. Ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní: ó ti gba ife mẹ́ta. A ní: òtítọ́ ni, a sì ti yìn ín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tí wọ́n gba ife kẹta ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ní 2023, kò sì tíì rí ìkẹrin. Ẹni tí ó jẹun ní àná kò lè fi ìyẹn sọ pé ebi kò pa ará ilé lónìí.

Wọ́n ní: kò sí ẹni tí kì í ṣìnà nínú yíyàn. A ní: bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Ẹ wo Philadelphia Eagles, alátakò wọn àtijọ́. Ní 2020, nígbà tí Dallas mú CeeDee Lamb ní ipò 17, Philadelphia mú Jalen Reagor ní ipò 21, wọ́n sì fi Justin Jefferson sílẹ̀ fún Minnesota ní ipò 22. Àṣìṣe ńlá ni. Ṣùgbọ́n wọn kò dì í mú nítorí ìtìjú. Wọ́n mú DeVonta Smith ní 2021, wọ́n wá A. J. Brown rí ní 2022, wọ́n sì jẹ́ kí Reagor lọ ní ọdún kan náà. Howie Roseman, alábòójútó wọn, ti rí àbùkù rí: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015 wọ́n gba àṣẹ yíyàn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi fún kóòṣì, nígbà tí ọdún náà parí, wọ́n dá a padà fún un. Ó mọ̀ pé a lè yọ òun, nítorí pé wọ́n ti yọ ọ́ rí. Láti ìgbà náà, Philadelphia ti gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Kejì 2018 àti ní oṣù Kejì 2025. Ní Dallas ẹ̀wẹ̀, láti 1989 dé 2025, kóòṣì àgbà mẹ́sàn-án ni ó ti jẹ. Alábòójútó àgbà, ẹnìkan ṣoṣo. Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ti pààrọ̀ kóòṣì, nígbà tí oko bá sì kùnà, alágbàṣe ni ó máa ń lọ. Wọn kò bi ẹni tí ó ra irúgbìn léèrè.

Wọ́n ní: owó rẹ̀ ni, ohun ìní rẹ̀ ni, kí ó ṣe é bí ó ti wù ú. Níhìn-ín ni a ti takò wọ́n jùlọ. Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ náà mú owó wá. Ní 2024, ìwé-ìròyìn Forbes díye lé e ju bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ, òun sì ni ẹgbẹ́ eléré àkọ́kọ́ tí ó dé iye náà. Ṣùgbọ́n pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n ṣí ní Arlington ní 2009 kì í ṣe owó ọkùnrin kan ni wọ́n fi kọ́ ọ tán. Ní oṣù Kọkànlá 2004, àwọn ará ìlú náà dìbò pé kí a fi kún owó-orí ọjà tí àwọn ń rà, kí ìlú lè mú mílíọ̀nù 325 dọ́là wá síbi iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ra aṣọ ní Arlington dáwó sí i. Ẹni tí ó ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ dáwó sí i. Bí ará ìlú bá ti fi kọ́bọ̀ rẹ̀ síbi iṣẹ́, ó ti ní ẹnu láti béèrè ìṣirò. A kì í gba èésú lọ́wọ́ ènìyàn kí a tún sọ fún un pé kí ó má bèèrè ìwé.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢE

A kò ní kí Jones ta ẹgbẹ́ rẹ̀. A kò sì ní kí ó má fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ tí ó ní sí i hàn gbangba. Ohun tí a ń wí ni pé kí ó bọ́ ọ̀kan sílẹ̀ nínú fìlà méjì tí ó dé. Kí ó máa jẹ́ olóko, kí ó sì fi yíyàn irúgbìn àti àdéhùn ọ̀yà lé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ẹni tí a ó fún ní àṣẹ tí ó péye àti ọdún tí ó níye, ẹni tí a ó yìn bí oko bá ṣe dáadáa, tí a ó sì yọ bí ó bá kùnà. Bí ó ti rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ẹgbẹ́ 32. Kì í ṣe pé àwọn olóko ìyókù gọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ojú ẹni kì í rí ìpàkọ́ ẹni ni.

Kí ẹ̀yin tí ń kàwé yìí sì mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín àti sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yan ẹni tí yóò máa ra ajílẹ̀, ẹni tí yóò máa wọn kòkó, tàbí ẹni tí yóò dúró fún yín níwájú àwọn aláṣẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ó bá mọ iṣẹ́. Bí ẹ bá ti béèrè ìyẹn tán, ẹ béèrè èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ú lọ: bí ó bá kùnà, ta ni yóò yọ ọ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ má ṣe yàn án, ì báà jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ì báà jẹ́ olówó, ì báà ti gba ife mẹ́ta ní ìgbà èwe rẹ̀.

Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Sáà 29 ni Dallas fi ń gbin irúgbìn rere sí oko tí kò ní alábẹ̀wò, ohun tí wọ́n sì ká náà kò fara sin fún ẹnikẹ́ni.